Ihò Tí Rọra Lù Kẹ́yìn

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, abẹ́ mọ́tò ni Ìyá Sípánà wà. Ọsibítù ló ti jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti lé e jáde pé kó lọ wẹ̀, kó lọ jẹun, kó má baà di pé aláìsàn méjì ni wọn yóò máa tọ́jú. Kò wẹ̀, kò sì jẹun. Ṣọ́ọ̀bù ló yà sí, ó wọ abẹ́ mọ́tò onítakisí kan tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀, nítorí pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti di sípánà mú, ọkàn rẹ̀ a máa jókòó sójú kan.

Bàtà ló kọ́kọ́ rí, bàtà dúdú tí ọ́ìlì ti mu yó, tí okùn rẹ̀ kan kì í wà ní dídì. Kíá ni, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ń retí pé kó pariwo gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n Kíá kò pariwo. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyàwó wa, fi sípánà yẹn sílẹ̀, kó o jáde wá."

"Ẹ jẹ́ kí n dè é tán, Bọ̀dá."

"Fi í sílẹ̀. Èmi á bá ẹ dè é."

Ìgbà yẹn ló mọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti jọ wà, Kíá kò sọ ọ́ rí pé òun á bá ẹnikẹ́ni parí iṣẹ́ tí kì í ṣe tòun. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ọ́ìlì tó ń kán tó, tó, sínú agolo. Kíá na ọwọ́ sí i, ó fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fa aṣọ tó kọ́ igi, kó má baà ya, ó sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rọfọ̀ náà. Ẹkún tí Kíá sun lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé òun gan-an ló di opó.

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun, ọkọ rẹ̀ àti Kíá níṣẹ́ nígbà èwe wọn, òun náà ló sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kò yé bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, "rọra, rọra," bí ẹni ń tu ẹṣin lójú. Èkejì, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, "kíá!" ni èsì rẹ̀, á sì sáré gbé ohun tí wọn kò rán an wá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn kò tíì ronú ọmọ bíbí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Sípánà. Nígbà tí Rọra fẹ́ ẹ, Kíá ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Nígbà tí ọ̀gá wọn sinmi, àwọn mẹ́ta ló jọ gba ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn oníbàárà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bó o bá fẹ́ kí mọ́tò rẹ tètè jáde, gbé e fún Kíá. Bó o bá fẹ́ kó má padà wá, gbé e fún Rọra."

Ohun tí Rọra mọ̀ ju gbogbo wọn lọ ni ihò bóòtù. Bóòtù ló di ẹ́ńjìnnì mú, ihò tí bóòtù ń wọ̀ sì ní eyín nínú, eyín wẹ́wẹ́ tó yí po bí àtẹ̀gùn, tí àwọn mẹ̀káníìkì ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Eyín yìí ló ń bá bóòtù dìmú. Bí ẹnì kan bá fún bóòtù kọjá bó ṣe yẹ, pàápàá nínú búlọ́ọ̀kì, ìyẹn ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí kò le bí irin, eyín á ká, bóòtù á sì máa yí lórí òfo bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ̀káníìkì á ní kí onímọ́tò lọ wá búlọ́ọ̀kì mìíràn. Rọra á ní kó gbé e wá. Á fi dírìlì fẹ ihò náà, á fi táàpù, irin tó ní eyín lára, gé eyín tuntun tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ sí i lára, á wá yí kọ́ìlì wọ inú rẹ̀. Wáyà líle ni kọ́ìlì, wọ́n ká a bíi sípíríìnì. Ẹ̀yìn rẹ̀ á bá eyín tuntun mu, inú rẹ̀ á sì bá bóòtù àtijọ́ mu rẹ́gí.

"Eyín àtọwọ́dá nìyí o," á sọ fún onímọ́tò. "Ṣùgbọ́n èyí ò ní bọ́ sínú oúnjẹ."

Mọ́tò agbẹ̀bí ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Bóòtù kan tó di orí ẹ́ńjìnnì mọ́ búlọ́ọ̀kì, ní igun ẹ̀yìn, ti ká eyín ihò rẹ̀. Rọra ti ń rù nígbà yẹn, kì í sì í jẹun tán mọ́. Ọjọ́ kan ni ìdúró yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá Sípánà tẹ̀lé e, kò sì mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn mọ́. Kíá ló wá bá a lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù pé kó má ṣèyọnu, pé mọ́tò agbẹ̀bí ti jáde, Rọra ti parí rẹ̀ kó tó ṣubú. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ó kéré tán, ọkọ òun kò fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ lábọ̀.

Wọ́n sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sì lọ. Kíá kò lọ. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yà sílé láti béèrè bóyá ó sùn, bóyá omi wà nílé. Bí ẹni bá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ tòótọ́ nígbà náà, Kíá ni Ìyá Sípánà ì bá tọ́ka sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n fi okùn wọ́ mọ́tò agbẹ̀bí wọ ṣọ́ọ̀bù. Agbẹ̀bí náà tẹ̀lé e lẹ́yìn, obìnrin àgbà tí kò sanra, tí ìka rẹ̀ gùn, tí èékánná rẹ̀ kì í kọjá ẹran. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ kan ṣoṣo tí Rọra àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ báyìí.

"Mi ò bá tìjà wá," ni agbẹ̀bí wí. "Mo mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹ fi bò ó kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ń rọbí lánàá, mo wà lójú títì, èéfín funfun láti inú mọ́tò sì bò mí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wọnú òjò. Ẹ̀yìn alùpùpù ọlọ́kà kan ni mo gùn débẹ̀, àpò ọkà níwájú, èmi lẹ́yìn. Ọmọ ti jáde kí n tó wọlé."

"Ọmọ náà ńkọ́, mà?"

"Ó ń ké. Ìyá náà wà. Orí wọn ló bá wọn ṣe é, kì í ṣe mọ́tò tí ẹ tún ṣe."

Ìyá Sípánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní igun ẹ̀yìn, níbi tí Rọra ti ṣiṣẹ́ gan-an, omi ti tú jáde láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kì, ó sì ti gbẹ mọ́ ara rẹ̀ funfun. Ó fi ọwọ́ kan bóòtù ibẹ̀. Ó mì.

Kíá náà ti wá dúró. Ó wo bóòtù náà, ó wo agbẹ̀bí, ó sì mi orí.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Kò yẹ kí n sọ ọ́, ẹni tó lọ ti lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. A rí i, a ò lè sọ fún un. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìyẹn, mà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ etí Ìyá Sípánà bí omi gbígbóná. Ó ti rí ọwọ́ náà. Ó ti rí ife tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì, bí Rọra ṣe tètè gbé e kalẹ̀, tó sì ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òtútù ló ń mú tíì náà. Ó rò pé òun nìkan ló rí i. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò lè la ẹnu sọ fún agbẹ̀bí pé irọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ṣọ́ọ̀bù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, onítakisí ọlọ́ìlì ọjọ́sí ti dé, ó bọ́ fìlà, ó kí wọn kú ìdúró, ó sì há ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu bí ẹni tí akàn gbá mú.

"Ìyá Sípánà, ẹ dákun, ẹ bá mi yẹ tèmi náà wò. Rọra ló dé eyín fún un. Mi ò sọ nǹkan kan o! Mo kàn ní kí n má lọ di ẹni tó ń ti takisí, tí èrò á jókòó sínú, tí wọ́n á máa sọ pé, 'Dírẹ́bà, ẹ sáré díẹ̀.'"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Sípánà kò bá wọn rín in. Gbogbo ihò tí Rọra ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ dí ni wọ́n fẹ́ tún ṣí wò.

Kíá ní kó jẹ́ kí òun gbé mọ́tò agbẹ̀bí lọ. "Jókòó, ìyàwó wa. Ta ló ń fi opó ṣí ẹ́ńjìnnì? Mo mọ ẹnì kan tó ní búlọ́ọ̀kì irú ẹ̀. A ó gbé èyí jù nù, ọ̀rọ̀ á tán."

"Opó kì í ṣe arọ, Bọ̀dá. Èmi ni màá ṣí i."

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ohun tó fẹ́ rí gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Bí ihò yẹn bá wọ́, bí eyín rẹ̀ bá rí jákujàku, á jẹ́ pé ọkọ òun mọ̀ pé ọwọ́ òun kò gbọ́ràn mọ́, ó sì tún gbé mọ́tò náà fún obìnrin tó ń sáré lọ gba ẹ̀mí là. Á jẹ́ pé ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sùn fún gbogbo ọdún yẹn tàn án jẹ ní ìparí. Ó fẹ́ mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀.

Ó dáwọ́ lé e ní ọjọ́ tí Kíá lọ ra páàtì, tí ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ó tú omi rédíétọ̀ dànù. Omi àti ọ́ìlì ti pò mọ́ra, ó rí bíi tíì oníwàrà. Ó tú àwọn bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jà, tó ké gbì kó tó gbà. Èyí tó wà ní igun ẹ̀yìn kò jà. Ọwọ́ lásán ló fi yọ ọ́, nǹkan eléérú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí amọ̀ gbígbẹ. Ó fi èékánná họ ọ́. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ni. Irú èyí tí wọ́n ń fún jáde láti inú ọ̀rá méjì, tí wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n fi ń lẹ àga tó ṣẹ́.

Ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e. Rọra àti gọ́ọ̀mù! Rọra tó máa ń sọ pé ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù di ẹ́ńjìnnì, kó fi itọ́ di ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Àbí agara ló dá a? Àbí ọwọ́ náà ti burú débi pé kò lè di táàpù mú mọ́, ó sì tijú láti sọ? Bó bá sọ fún òun ńkọ́? Ṣé òun ò ní bá a dì í mú ni? Inú ń bí i sí òkú, ìbínú sí òkú sì burú, nítorí kò síbi tí ẹni á gbé e kà.

Nígbà tó yá, ó dìde, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ń họ gọ́ọ̀mù jáde nínú ihò náà díẹ̀díẹ̀, ó da pẹtiróò sí i, ó fi òwú nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún họ. Ó tan iná sí i.

Eyín wà níbẹ̀.

Kì í ṣe eyín kíká, kì í sì í ṣe jákujàku. Eyín tuntun ni, ó fẹ̀, ó ń dán, ó yí lọ sísàlẹ̀ láìṣẹ́ níbì kankan. Ó sáré mú táàpù ńlá Rọra nínú àpótí rẹ̀, ó gbé e lé ẹnu ihò, ó fi ìka méjì péré yí i. Táàpù náà sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó ń padà sílé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá yé e. Ihò kọ́ìlì ni. Bóòtù ibẹ̀ kò lè bá eyín yẹn dìmú láéláé bí kò bá sí kọ́ìlì láàárín wọn. Ó kéré jù. Ẹni tó gé irú eyín yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga dé omi kò ní fi iyanrìn dí i. Rọra ti ṣe ipa tirẹ̀ tán, ó ń dúró de kọ́ìlì ni. Ẹlòmíràn ni kò dúró.

Ó tún rí nǹkan kan. Àwọn ihò méjì tó wà nítòsí ní ìlà róbótó fẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu wọn ká, bí ẹni pé wọ́n ti fi bóòtù de irin kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó padà sínú àpótí, ó wá a dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ àkísà, ó bá irin pẹrẹsẹ kan tí kò rí rí, apá méjì ní ẹ̀gbẹ́, ihò kan láàárín tí táàpù ń gba inú rẹ̀ kọjá láìmì. Fáìlì ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Rọra mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó ṣe ohun tí yóò máa di ọwọ́ náà mú.

Nígbà náà ló rántí. Ní ọsibítù, ní ọ̀sán kan tí ooru mú, Rọra la ojú, ó bi í pé, "Kọ́ìlì yẹn, ṣé ó ti dé?" Ó rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ tútù lé e níwájú orí, ó sì dá a lóhùn bí ẹni ń rẹ ọmọ pé, "Ó ti dé. Máa sùn."

Ìyá Sípánà fi orí lé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà. Gbogbo ẹkún tí kò rí sun lọ́jọ́ ìsìnkú ló sun níbẹ̀.

Kíá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń súfèé.

"Bọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó wá. Ìfé náà kú sí i lẹ́nu.

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ihò ni."

"Níbo ni kọ́ìlì rẹ̀ wà?"

Kíá rìn lọ sídìí tábìlì tirẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀, ó mú ìdì bébà kékeré kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Ìyá Sípánà. Wọn ò tíì tú u.

"Ó dé lẹ́yìn tí mọ́tò ti lọ," ló wí.

"Ẹ ò sì pè é padà."

"Ìyàwó wa, gbọ́. Ìwọ wà ní ọsibítù, òun wà ní ọsibítù, èmi nìkan ló kù síbí. Agbẹ̀bí ń pè láàárọ̀, ó ń pè lálẹ́. Mo ní kí gọ́ọ̀mù gbà á dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ pè é padà. Àfi bó ṣe kú. Gbogbo nǹkan wá dàrú mọ́ mi lójú."

"Màá lè gbàgbé gọ́ọ̀mù. Ìkánjú ni, ìkánjú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára yín. Ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ mú sọ ńkọ́?"

Kíá ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Ta ló dùn? Òkú kì í bínú. Kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún un níbi tó wà? Àwa tó kù la ṣì ń jẹun. Bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni, ta ló tún máa gbé mọ́tò wọbí? Tìẹ náà ni mo rò mọ́ ọn."

Ìyá Sípánà wò ó. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún há ọwọ́, tó tún ń béèrè bóyá omi gbóná tó.

"Òótọ́ ni, òkú kì í bínú," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò tíì kú. Ìwọ lo máa lọ bá agbẹ̀bí. Ẹnu tó o fi sọ ti àkọ́kọ́ ni kó o fi sọ èyí."

Látọjọ́ tó ti mọ Kíá, kò pè é ní "ìwọ" rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kíá ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n bu omi lù.

"Mo gbọ́," ló wí. "Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá ti débẹ̀."

Ó sì débẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá Sípánà kò tíì fẹ́ yí kọ́ìlì wọ inú ihò náà. Bí kọ́ìlì bá ti wọ̀, yóò bo eyín tí Rọra gé, kò sì sí ẹni tó tún lè rí i láéláé. Ó tẹ agbẹ̀bí láago pé kó jọ̀ọ́, kó yà kó wá fojú rí nǹkan. Nígbà tí agbẹ̀bí dé, ìrìn rẹ̀ rọra, ohùn rẹ̀ sì rí bí ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń sùn?"

"Mò ń sùn, mà. Ṣé Bọ̀dá Kíá wá bá yín?"

"Ó wá ní kùtùkùtù." Agbẹ̀bí wo ẹ̀yìn, Kíá wà ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tí kò jò. "Ó ní kí n mú sùúrù fún ẹ. Ó ní ìbànújẹ́ ti ń mú kó o máa fi ẹ̀sùn kan àwọn tó fẹ́ràn ẹ. Ó ní o lè sọ pé òun ló ba mọ́tò mi jẹ́."

Ìyá Sípánà fi ọwọ́ lé búlọ́ọ̀kì náà. Ọkọ rẹ̀ ni Kíá kọ́kọ́ fi ṣe ọlọ́wọ́ gbígbọ̀n. Ní báyìí, ó ti fi òun ṣe olórí dídàrú.

"Mi ò ní sọ nǹkan kan, mà. Ẹ kàn fi ìka yín sínú ihò yìí."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí ọmọ mi. Ohun tí ojú ò lè rí, ìka yín ń rí i."

Agbẹ̀bí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ọmọńdinrín rẹ̀ sínú ihò náà, ó sì di ojú, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe nínú yàrá ìrọbí. Ìka náà yí lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó gún," ló wí. "Ó dọ́gba káàkiri. Kò sí ibi tó kọ́ mi." Ó tún yí i. "Ta ló gé èyí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n, mà. Ìdí tó fi ṣe èyí nìyẹn." Ó gbé irin pẹrẹsẹ náà lé búlọ́ọ̀kì, ó jẹ́ kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti táàpù gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ó fi bóòtù hàn án, bó ṣe kéré sí ihò náà, ó fi kọ́ìlì tó wà nínú bébà hàn án, ó sì fi gọ́ọ̀mù tó họ jáde hàn án. Kò dárúkọ ẹnì kankan.

Agbẹ̀bí nu ìka rẹ̀. Ó yíjú sí ìkángun ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá Kíá! Ẹ wá ná."

Kíá wá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni tó gé eyín tó dára báyìí," ni agbẹ̀bí wí, "ṣé òun náà ló da gọ́ọ̀mù bò ó?"

Kíá la ẹnu. Ó wo agbẹ̀bí, ó wo Ìyá Sípánà, bí ẹni ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Sípánà mọ ojú yẹn; ojú tó fi ń bẹ Rọra nìyẹn látìgbà tí wọ́n wà lábẹ́ ọ̀gá wọn, pé kó bá òun ru ẹ̀bi ohun tóun fọ́. Rọra a sì máa rù ú. Ìyá Sípánà kò gbé ojú kúrò, kò sì bá a rù ú. Kíá lọ mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Kò sí ìdùnnú nínú rẹ̀. Ìyá Sípánà rò pé bí òtítọ́ bá jáde, àyà òun á fúyẹ́. Ohun tó rí ni ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí òun àti ọkọ òun jọ dàgbà, tó ń lọ, tí kò sì wẹ̀yìn. Ó wá dà bíi pé èèyàn méjì ni wọ́n ti gbé jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárín àsìkò díẹ̀.

"Jókòó," ni agbẹ̀bí wí.

"Bí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde, mà."

"Èmi á jókòó, nígbà náà. Máa ṣe é lọ."

Agbẹ̀bí jókòó lórí korobá. Ìyá Sípánà tú kọ́ìlì kúrò nínú bébà. Ó tún fọ ihò náà, ó gbẹ ẹ́, ó sì yí kọ́ìlì náà sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi wọlé díẹ̀ kọjá ẹnu ihò. Ó ṣẹ́ ìrù wáyà tó kù nísàlẹ̀, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì fà á jáde. Ó gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, tí kì í jẹ́ kí omi jò, lé e, ó dá orí ẹ́ńjìnnì padà, ó sì de bóòtù. Nígbà tó kan ti igun ẹ̀yìn, bóòtù náà jẹ eyín, ó dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, agbẹ̀bí ti wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí gbọ́ ìró nǹkan níwájú ilé, ó jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ìyá Sípánà ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ àkísà mímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kí ọ̀dà rẹ̀ má baà họ, sípánà gígùn tó máa ń ró kẹ́ bí bóòtù bá ti le tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́! Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ẹ káàárọ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í, tó gbóná, tó sì tutù tán, bóòtù rẹ̀ máa ń fẹ́ dẹ̀ díẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ṣe é padà wá fún un."

"Kò sí mẹ̀káníìkì tó ṣe èyí fún mi rí."

"Wọn kì í sábà ṣe é. Ọkọ mi máa ń jí wá ṣe é ni, kí onímọ́tò tó jí. Òun ni ì bá wá lónìí."

Agbẹ̀bí yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó sún mọ́ ọn, ó bá a di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú lókè.

Ìyá Sípánà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà. Ó ti tutù dáadáa. Ó gbé sípánà lé bóòtù àárín, ó sì bẹ̀rẹ̀.